Ta Ló Yẹ Kó Mọ Òfin Ìkọ̀wé? Àgbéyẹ̀wò Bí Sọ́fítíwíà Ọ̀fẹ́ Ṣe Ń Gbé Lẹ́tà Íńdíà Jáde

Ẹni tó bá fẹ́ kọ orúkọ èdè Hindi sórí kọ̀ǹpútà pẹ̀lú lẹ́tà Devanagari yóò tẹ àmì mẹ́fà: ह, ि, न, ्, द, ी. Bí ẹ̀rọ bá kàn tò wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wọlé, ohun tí yóò jáde kò ní ṣe é kà fún ará Delhi. Fáwẹ̀lì tí a tẹ̀ ṣìkejì ní láti bọ́ sí apá òsì kọ́ńsónáǹtì tó ṣáájú rẹ̀. Lẹ́tà kẹta ní láti sọ ọ̀pá ìdúró rẹ̀ nù kí ó lè lẹ̀ mọ́ lẹ́tà karùn-ún. Àmì kẹrin, tí wọ́n ń pè ní virama, iṣẹ́ tirẹ̀ kò ju kó sọ pé kọ́ńsónáǹtì méjì fẹ́ so pọ̀. Bí wọ́n bá ti so tán, òun alára a pòórá. Ìgbà náà ni हिन्दी tó ó jáde.

Devanagari kàn jẹ́ ọ̀kan nínú irú ìkọ̀wé bẹ́ẹ̀ ni. Láti ara ìkọ̀wé àtijọ́ kan, Brahmi, ni Bengali, Gurmukhi, Gujarati, Odia, Tamil, Telugu, Kannada, Malayalam àti Sinhala ti ṣẹ̀ wá, kálukú pẹ̀lú ìwà tirẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ धर्म, r tí a tẹ̀ ṣáájú m ni yóò gun orí m. Fáwẹ̀lì o ti Bengali a máa là sí méjì, apá kan lósì kọ́ńsónáǹtì, apá kejì lọ́tùn-ún. Ní Telugu àti Kannada, abẹ́ kọ́ńsónáǹtì èkíní ni ìkejì sábà máa ń sá sí. Malayalam ní tirẹ̀, bí a bá fẹ́ kọ ọ́ nílànà àtijọ́, ọgọ́rọ̀ọ̀rún àwòrán lẹ́tà ló ń béèrè.

Àwa tí à ń fi lẹ́tà Látìn kọ Yorùbá mọ díẹ̀ nínú ìyọnu yìí. Unicode, ìlànà àgbáyé tó ń fún lẹ́tà ní kóòdù, fún lẹ́tà ẹ ní ààyè tirẹ̀, ó fún lẹ́tà ọ náà, ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀ kò ní. Ẹ̀rọ ló ń wá ibi tí yóò gbé àmì ohùn kà lórí wọn, ìdí nìyẹn tí àmì wa fi ń ṣí kúrò lórí lẹ́tà nínú fọ́ǹtì tí kò gbọ́n. Ohun tó ń ṣe wá lórí lẹ́tà méjì ló ń ṣe àwọn ará Íńdíà lórí gbogbo ọ̀rọ̀.

Òfin tó ń darí gbogbo èyí, ta ló yẹ kó mọ̀ ọ́n? Ṣé inú ọ̀rọ̀ tí a fi pamọ́ ni kó wà ni, àbí inú fọ́ǹtì, àbí inú sọ́fítíwíà, àbí inú fáìlì ọ̀tọ̀ tí kì í ṣe ti èyíkéyìí nínú wọn? Ó ti tó bí ogójì ọdún tí wọ́n ti ń jiyàn lé e lórí, kò sì sí ìdáhùn kan tí kò ní ibi tó sunwọ̀n sí. Lójú tèmi, ìbéèrè kan ló yẹ kí a fi wọn gbogbo wọn: bí lẹ́tà bá jáde ní bàjẹ́bàjẹ́, ta ni ọwọ́ rẹ̀ tó o láti tún un ṣe? Ọ̀rọ̀ yìí kan sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ ju èyí tí wọ́n ń tà lọ, nítorí ìlérí sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ gan-an ni pé ẹnikẹ́ni lè yẹ inú rẹ̀ wò, kó sì tún ibi tó bàjẹ́ ṣe.

Àwọn tó ní kí ọ̀rọ̀ jẹ́ àwòrán

Ìdáhùn tó kọ́kọ́ dé ọjà ló rọrùn jù. Fọ́ǹtì ìgbà náà kò ní ju ààyè 256 lọ. Àwọn tó ń ṣe fọ́ǹtì yọ àwòrán lẹ́tà Látìn kúrò, wọ́n sì fi ègé Devanagari rọ́pò wọn: n tí kò ní ọ̀pá, fáwẹ̀lì tó ń wà lósì, àmì tó ń gun orí. Kruti Dev ló gbajúmọ̀ jù nínú irú èyí. Ẹni tó bá fẹ́ हिन्दी nínú Kruti Dev yóò tẹ fgUnh. Lẹ́tà f ni fáwẹ̀lì apá òsì, nítorí náà akọ̀wé ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ ṣáájú, bó ṣe mọ̀ ọ́n lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Remington. Ní Bangladesh, Bijoy tí Mustafa Jabbar gbé jáde ní 1988 ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún Bengali.

Ó rọrùn láti fi ọ̀nà yìí ṣe yẹ̀yẹ́ lónìí, ṣùgbọ́n ó ní làákàyè tirẹ̀. Kò sí sọ́fítíwíà tí kò lè lò ó, nítorí kò bi sọ́fítíwíà ní nǹkan kan. Lójú kọ̀ǹpútà, Látìn ni. Ìwé ìròyìn lè jáde lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ra fọ́ǹtì. Akọ̀wé rí ohun tó tẹ̀ bó ṣe tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí Linux kò tíì mọ ohun tó ń jẹ́ virama, fọ́ǹtì báyìí ló ń gbé èdè Íńdíà sórí rẹ̀ láìbéèrè ìrànlọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àní, àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ kan ní àríwá Íńdíà ṣì ń fi Kruti Dev ṣe ìdánwò ìtẹ̀wé fún àwọn tó ń wá iṣẹ́.

Ibi tí ó ti já ọmọ aráyé kulẹ̀ ni pé ohun tó wà nínú fáìlì kì í ṣe Hindi. Mú fọ́ǹtì náà kúrò, fgUnh ló kù. A kò lè wá ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, a kò lè tò ó ní ìlànà álífábẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rọ tó ń kàwé fún afọ́jú kò lè pè é. Fọ́ǹtì kọ̀ọ̀kan sì ní bó ṣe pín ègé tirẹ̀ sí, débi pé ohun tí ilé ìwé ìròyìn kan tẹ̀ kò ní ìtumọ̀ nínú fọ́ǹtì ilé kejì. Ọ̀pọ̀ nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní ọdún 1990 sí 2005 ṣì wà nínú àtìmọ́lé yìí.

Àwọn onímọ̀ TeX, ètò tí wọ́n fi ń to ìwé fún títẹ̀, gba ọ̀nà tó mọ́ ju èyí lọ. Ní 1991, Frans Velthuis ní Groningen, ní Netherlands, ṣe ètò kan tí òǹkọ̀wé fi ń tẹ Hindi tàbí Sanskrit pẹ̀lú lẹ́tà Látìn, tí ètò náà yóò sì yí i padà sí àwòrán Devanagari kí TeX tó fọwọ́ kàn án. Ìwé tó jáde rẹwà, ọ̀rọ̀ tó wà nínú fáìlì sì ṣe é wá. Ṣùgbọ́n inú ọgbà TeX nìkan ló mọ. A kò lè gbé e lọ sínú lẹ́tà tí a fẹ́ fi ránṣẹ́ tàbí sórí ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì.

Tamil nìkan ni ibi tí èrò pé kí ọ̀rọ̀ jẹ́ àwòrán ṣì ti ní alágbàwí tó lẹ́nu ọ̀rọ̀. Wọ́n ní Tamil kì í ṣe ẹlẹ́tà-dídì bíi Devanagari: lẹ́tà 247 ló ní, kọ́ńsónáǹtì rẹ̀ kì í sì í fẹ́ẹ́ so pọ̀. Bí Unicode bá lè fún sílébù Hangul ti Korea ní ààyè 11,172, kí ló dé tí kò lè fún Tamil ní ọgọ́rùn-ún mélòó kan? Láti inú èrò yìí ni TACE16 ti wáyé, tó fún lẹ́tà Tamil kọ̀ọ̀kan ní kóòdù tirẹ̀, tí ìjọba ìpínlẹ̀ Tamil Nadu sì fọwọ́ sí ní 2010 lẹ́gbẹ̀ẹ́ Unicode. Ọ̀rọ̀ wọn kò ṣe é fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ilẹ̀ àdáni inú Unicode ni TACE16 ń gbé, níbi tí ẹnikẹ́ni lè fi ohunkóhun sí, tí kò sì sí sọ́fítíwíà tó jẹ́ dandan fún láti mọ̀ pé Tamil ló wà níbẹ̀.

Ìpinnu tó gbé òfin kúrò nínú ọ̀rọ̀

Ohun tó yí gbogbo ọ̀rọ̀ padà ni ISCII, ìlànà tí Íńdíà gbé kalẹ̀ ní 1988, tí wọ́n sì tún ṣe ní 1991. ISCII ní kí a fi ọ̀rọ̀ pamọ́ bí a ṣe ń pè é, kí a má fi ti ojú ìwé ṣe. Kóòdù kan náà ni k jẹ́ nínú Hindi, Bengali àti Telugu. Fọ́ǹtì ni yóò pinnu ojú tó máa gbé wọ̀. Nígbà tí Unicode jáde ní 1991, orí ẹ̀dà 1988 yìí ló kọ́ tirẹ̀ lé. Ó fún ìkọ̀wé kọ̀ọ̀kan ní ààyè 128 tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó tò wọ́n ní ọ̀wọ́ kan náà, tó fi jẹ́ pé ibi tí k wà nínú ti Devanagari ló wà nínú ti àwọn yòókù.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni inú wọn dùn sí i. Àwọn ará gúúsù ní ìwọ̀n àríwá ni wọ́n fi rán aṣọ fún gbogbo ilé, ààyè òfìfo tó pọ̀ nínú ti Tamil sì jẹ́rìí sí i. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, gbogbo ẹ̀kọ́ tó kù nínú àgbéyẹ̀wò yìí ló gbà pé ọ̀rọ̀ kì í ṣe àwòrán. Ẹrù òfin wá di ti ẹlòmíì.

OpenType: kí fọ́ǹtì àti sọ́fítíwíà pín ẹrù náà

Microsoft àti Adobe kéde OpenType ní 1996. Inú fọ́ǹtì OpenType ni tábìlì GSUB wà, tó ń fi àwòrán kan rọ́pò òmíì, àti GPOS, tó ń sọ ibi tí àmì yóò jókòó sí. Fún Látìn, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó. Fún Íńdíà, kò tó rárá, nítorí GSUB kò mọ bí a ti ń ṣí lẹ́tà láti ibì kan lọ síbòmíì. Sọ́fítíwíà, tàbí apá rẹ̀ tí a ó máa pè ní atòlẹ́tà, ló gbọ́dọ̀ gé ọ̀rọ̀ sí sílébù, kó wá kọ́ńsónáǹtì tó jẹ́ òpó sílébù náà, kó ṣí fáwẹ̀lì sósì, kó gbé r lọ sí ibi tó máa gùn. Lẹ́yìn èyí ni yóò wá máa pe fọ́ǹtì ní ẹsẹẹsẹ: fún mi ní lẹ́tà tó ní àmì nukta, fún mi ní àkànpọ̀ tí kò ṣe é tú, fún mi ní r tó ń gun orí, fún mi ní lẹ́tà tí kò ní ọ̀pá. Nukt, akhn, rphf, half: orúkọ wọn nìyẹn nínú fọ́ǹtì, ìtò wọn kò sì gbọ́dọ̀ dàrú.

Àǹfààní pínpín yìí pọ̀. Ẹni tó ń yàwòrán lẹ́tà kò ní láti kọ òfin ìṣílẹ́tà fúnra rẹ̀. Ó fi àwòrán sílẹ̀, ó pe orúkọ wọn, ó parí. Bí àṣìṣe bá wà nínú atòlẹ́tà, àtúnṣe kan ṣoṣo yóò wo gbogbo fọ́ǹtì sàn lẹ́ẹ̀kan náà. Fọ́ǹtì kan náà yóò ṣiṣẹ́ lórí Windows, lórí fóònù Android àti lórí Linux. Ìlànà náà tilẹ̀ ti di ti ISO láti 2007. Orí rẹ̀ ni Lohit jókòó lé, ìyẹn ọ̀wọ́ fọ́ǹtì ọ̀fẹ́ tí Red Hat gbé jáde ní 2004, tí ó sì bọ́ sábẹ́ ìwé àṣẹ OFL ní 2011. Orí rẹ̀ náà ni Meera, Rachana àti Manjari wà, àwọn fọ́ǹtì Malayalam tí ẹgbẹ́ Swathanthra Malayalam Computing ń tọ́jú, àti Noto ti Google.

Ibi tí bàtà ti ń ta ẹsẹ̀ ni pé ìdajì òfin wà níbi tí oní-fọ́ǹtì kò lè dé. Uniscribe, atòlẹ́tà Microsoft tó kọ́kọ́ gbé Devanagari àti Tamil jáde nínú Windows 2000, kò ṣí kóòdù rẹ̀ sílẹ̀. Ìwé ìlànà tó bá a rìn kò sọ gbogbo rẹ̀ tán. Àwọn tó ń ṣe sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ ń wo ohun tó jáde lójú Windows, wọ́n sì ń méfò ohun tó fà á. Pango tó wá pẹ̀lú GTK 2 ní 2002 ní èyí tó méfò tirẹ̀, Qt ní tirẹ̀, ICU ti IBM ní tirẹ̀. Nínú àwọn ojú iṣẹ́ Linux, fọ́ǹtì tó dán lábẹ́ GNOME a ṣe ṣákálá lábẹ́ KDE, a sì tún yọ ojú mìíràn nínú OpenOffice. Oní-fọ́ǹtì wá ń gba ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń rí ojú ọ̀nà bọ̀ ni Microsoft yí ìlànà padà nígbà Windows Vista. Orúkọ tuntun dé fún ìkọ̀wé kọ̀ọ̀kan nínú fọ́ǹtì: dev2 dípò deva, bng2 dípò beng, mlm2 dípò mlym. Ìlànà tuntun sàn ju ti àtijọ́ lọ, ó fún oní-fọ́ǹtì lágbára sí i lórí bí lẹ́tà ṣe ń so pọ̀. Ṣùgbọ́n Windows XP kò tíì kúrò lójú pópó. Ẹni tó ń ṣe fọ́ǹtì Malayalam ní láti fi òfin méjì sínú fọ́ǹtì kan, kí ó sì máa gbàdúrà pé sọ́fítíwíà tó bá ṣí i yóò mú èyí tó yẹ.

Ẹ̀sùn mìíràn wà lórí ọ̀nà yìí, òun ni mo sì kà sí pàtàkì jù. Atòlẹ́tà tó mọ òfin lè rò pé òun mọ gbogbo òfin. Bí ó bá rí ìtò lẹ́tà tí kò bá èyí tó ní lọ́kàn mu, yóò ju òbìrí onítótòtó ◌ sáàárín ọ̀rọ̀. Ó wúlò fún ẹni tó ṣì tẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó ń tẹ àmì ohùn Veda sínú Sanskrit, tàbí tó ń fi Devanagari kọ èdè kékeré tó ní àkọtọ́ tirẹ̀, ti rí òbìrí yìí lórí ọ̀rọ̀ tí kò ní àṣìṣe kankan.

Graphite: kí fọ́ǹtì mọ gbogbo rẹ̀

SIL, àjọ tó ń ṣiṣẹ́ lórí àwọn èdè tí kò ní olówó lẹ́yìn, kò fẹ́ dúró de ẹnikẹ́ni. Èrò wọn tó bí Graphite ni pé kí atòlẹ́tà má mọ ìkọ̀wé kankan. Kí ó kàn jẹ́ ẹ̀rọ tó ń ka òfin inú fọ́ǹtì, tó sì ń ṣe ohun tí òfin náà bá wí. Oní-fọ́ǹtì ni yóò kọ òfin náà ní èdè tí wọ́n ń pè ní GDL. Ìṣílẹ́tà, àkànpọ̀, ibi tí àmì yóò jókòó: ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà. Apple ti ro irú èrò bẹ́ẹ̀ ṣáájú, nínú ohun tó di AAT, níbi tí fọ́ǹtì ti ń gbé ẹ̀rọ kékeré tirẹ̀ rìn láti fi ṣí lẹ́tà. HarfBuzz, tí a máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ti ń ka fọ́ǹtì AAT láti 2018.

Bí a bá fi ìbéèrè ta-ló-lè-tún-un-ṣe wọ̀n ọ́n, kò sí èyí tó tó Graphite. Àwùjọ tó bá ní àkọtọ́ tí Delhi tàbí Microsoft kò gbọ́ rí lè gbé fọ́ǹtì jáde ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí ó sì ṣiṣẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tún atòlẹ́tà kọ. Awami Nastaliq, fọ́ǹtì Urdu ti SIL, fi agbára náà hàn: lẹ́tà rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ ní ìdàgẹ̀rẹ̀, àmì rẹ̀ sì ń yẹra fún ara wọn lọ́nà tí OpenType kò fi bẹ́ẹ̀ lè ṣe. Urdu kì í ṣe ìran Brahmi, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n èdè Íńdíà ni, ó sì fi ibi tí òpin OpenType wà hàn.

Agbára yìí gan-an ni àléébù rẹ̀. Gbogbo oní-fọ́ǹtì ní láti bẹ̀rẹ̀ òfin Devanagari láti ìpìlẹ̀, ohun tí ẹni kan bá sì ṣì, fọ́ǹtì rẹ̀ nìkan ló máa bá a lọ. OpenOffice gbà á wọlé, Firefox gbà á, LibreOffice jogún rẹ̀. Chrome kò gbà á rí, Windows àti Apple kò sì fi sínú tiwọn. Nítorí náà SIL fúnra wọn a máa fi òfin OpenType kún ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì wọn, Annapurna tí wọ́n ṣe fún Devanagari jẹ́ ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ààbò dé. Fọ́ǹtì tó ní òfin nínú jẹ́ ètò kékeré tí ojú-ewé ẹni tí a kò mọ̀ lè fi ránṣẹ́ sí búráúsà wa. Ní 2016, wọ́n rí ihò ààbò nínú kóòdù Graphite, Mozilla sì ní láti pa á nínú Firefox fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó dí ihò náà. Ní 2020, nígbà tí Mozilla fẹ́ dán ọgbọ́n tuntun wò, ìyẹn fífi kóòdù tó léwu sínú àhámọ́ tí a fi WebAssembly ṣe, Graphite ni wọ́n kọ́kọ́ tì mọ́bẹ̀. Ìgbésẹ̀ yẹn tù ú lára ní ti ààbò. Kò mú àwọn tó kọ̀ ọ́ padà wá.

Fáìlì ọ̀tọ̀: m17n

Ọ̀nà kẹta kò gbajúmọ̀, ó sì yẹ kí a mọ̀ ọ́n. Kenichi Handa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan ṣe m17n, tó kó òfin ìkọ̀wé sínú fáìlì ọ̀tọ̀ tí ènìyàn lè fi ojú lásán kà. Kì í ṣe inú fọ́ǹtì, kì í ṣe inú kóòdù. Emacs 23 fi í gbé lẹ́tà Íńdíà jáde ní 2009. Ẹni tó bá rí àṣìṣe lè ṣí fáìlì náà, kó tún ìlà kan ṣe, kó sì rí èsì lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n orí kọ̀ǹpútà rẹ̀ nìkan ni àtúnṣe náà wà. Ẹni tó fi ìwé náà ránṣẹ́ sí yóò rí ojú mìíràn. Àwọn tó mọ bí a ti ń kọ òfin náà kò sì pọ̀. Ní 2020, Emacs 27 fi HarfBuzz síwájú rẹ̀.

HarfBuzz: kí gbogbo ilé lo atòlẹ́tà kan

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí ilé kọ̀ọ̀kan ń méfò tirẹ̀, Behdad Esfahbod tún HarfBuzz kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Inú kóòdù FreeType àtijọ́, tí Pango àti Qt ti ń gbé ẹ̀dà rẹ̀ kiri, ni HarfBuzz àkọ́kọ́ ti ṣẹ̀. Ọ̀nà tó gbà yanjú ti Íńdíà ní nǹkan bí 2012 yẹ kí a wò fínnífínní. Kò jókòó ti ìwé ìlànà. Ó kó ọ̀rọ̀ jọ láti inú Wikipedia èdè kọ̀ọ̀kan, ó fi wọ́n gba inú Uniscribe àti inú HarfBuzz kọjá, ó sì ka iye ibi tí èsì wọn ti yàtọ̀. Bí ó bá ti tún kóòdù ṣe, yóò kọ iye tó kù fún Bengali, fún Malayalam, fún Telugu sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtúnṣe náà, títí iye náà fi lọ sílẹ̀ tán.

Èsì rẹ̀ kò ṣe é jiyàn. HarfBuzz ló wà nínú Firefox, Chrome, Android, GNOME àti Qt. XeTeX gbà á ní 2013, LibreOffice 5.3 fi gbogbo iṣẹ́ lé e lọ́wọ́ ní 2017. ICU kó atòlẹ́tà tirẹ̀ dànù. Ìyàtọ̀ láàárín GNOME àti KDE dópin. Fún òǹkàwé lásán ní Kolkata tàbí Kochi, kò sí ohun tó tún ayé rẹ̀ ṣe tó èyí.

Síbẹ̀, àwọn kan ń kọminú. Bí ilé gbogbo bá ń lo ẹ̀rọ kan, àṣìṣe rẹ̀ ti di àṣìṣe gbogbo ilé. Iye àwọn tó lè fọwọ́ kan kóòdù rẹ̀ láìbà á jẹ́ kéré púpọ̀. Èyí tó wúwo jù ni pé Uniscribe ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n. Níbi tí Microsoft bá ti ṣì, sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ fi sùúrù kọ́ àṣìṣe náà, nítorí fọ́ǹtì tí wọ́n ti ṣe lé Windows lórí yóò bàjẹ́ bí wọn kò bá ṣe bẹ́ẹ̀. Mo gbà pé kò sí ọ̀nà míì nígbà náà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí àwọn olùkọ́ èdè Bengali kà sí títọ́ ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n.

Fún àwọn ìkọ̀wé tó kù, Microsoft mú ẹ̀rọ àgbáyé kan wá pẹ̀lú Windows 10 ní 2015, wọ́n ń pè é ní USE, HarfBuzz sì ṣe tirẹ̀ lọ́dún kan náà. USE kò mọ Javanese yàtọ̀ sí Balinese. Ó ń ka ohun tí Unicode kọ nípa àmì kọ̀ọ̀kan, bóyá kọ́ńsónáǹtì ni tàbí fáwẹ̀lì, bóyá òkè, ìsàlẹ̀, òsì tàbí ọ̀tún ló ń gbé, ó sì fi ìlànà kan ṣoṣo tò wọ́n. Ìkọ̀wé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Unicode lè ṣiṣẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ kóòdù fún un, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ìlérí Graphite dọ́gba. Àmọ́ ìkọ̀wé tí kò bá bá àwọ̀n náà mu ni yóò jìyà. Tai Tham ti Thailand àti àyíká rẹ̀, tó máa ń to kọ́ńsónáǹtì àti fáwẹ̀lì lé ara wọn lọ́nà tí USE kò retí, ti di àpẹẹrẹ tí àwọn alátakò máa ń tọ́ka sí. Àwọn tó ń gbé ìkọ̀wé tuntun wá síwájú Unicode náà wá ń ro bí yóò ṣe wọ inú USE kí wọ́n tó ro bí àwọn tó ni ín ṣe ń kọ ọ́.

Kí a fi ètò sínú fọ́ǹtì

Ní 2023, HarfBuzz 8 mú ohun kan wá fún ìdánwò: fọ́ǹtì tó gbé ètò WebAssembly sínú ara rẹ̀. Dípò kí HarfBuzz to lẹ́tà, yóò fi iṣẹ́ lé ètò náà lọ́wọ́. Èrò Graphite ló padà wá báyìí, pẹ̀lú agbára tó ju ti ìṣáájú lọ fíìfíì, nítorí kò sí ohun tí ètò kò lè ṣe. Ní 2024, ẹnìkan fi odindi àwòṣe èdè, irú èyí tó ń dá ìtàn sọ, sínú fọ́ǹtì kan tó sọ ní llama.ttf. Àwàdà ni, ṣùgbọ́n ó fi hàn àwọn tó ń ṣọ́ ààbò pé ìbẹ̀rù wọn kì í ṣe àsọdùn. Ìkọ̀wé tí USE kò lè gbé lè rí ìgbàlà níbí. Wọn kì í ṣí i sílẹ̀ nínú HarfBuzz láìjẹ́ pé ẹni tó ń kọ́ ọ dìídì béèrè, nítorí náà òǹkàwé lásán kò lè gbójú lé e.

Ohun tó ṣì wà nílẹ̀

A kò tíì fẹnu kò lórí bóyá kí àwọn ìkọ̀wé ńlá Íńdíà kúrò lábẹ́ òfin àdáni wọn, kí wọ́n sì bọ́ sábẹ́ USE. HarfBuzz ti ṣí ilẹ̀kùn: fọ́ǹtì tó bá pe ara rẹ̀ ní dev3 yóò gba inú USE kọjá. Ṣùgbọ́n fọ́ǹtì tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ń fi ara rẹ̀ sábẹ́ orúkọ tí ìwé ìlànà OpenType kò fi lélẹ̀, ẹni tó sì ti fi òfin méjì sínú fọ́ǹtì kan kò yára fẹ́ fi ẹ̀kẹta kún un.

Ìbéèrè kejì kan ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́: kí ni lẹ́tà kan? Bí ẹni tó ń tẹ Hindi bá fẹ́ fi kọ́sọ̀ fo àkànpọ̀ kan kọjá, ṣé kí ó fo gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ni, àbí kí ó máa dúró láàárín? Unicode 15.1, ní 2023, ní kí àkànpọ̀ jẹ́ ẹyọ kan nínú Devanagari, Bengali, Gujarati, Odia, Telugu àti Malayalam. Tamil, Kannada àti Gurmukhi kò sí nínú rẹ̀. Sọ́fítíwíà kan ti gba òfin náà, òmíì kò tíì gbà á, àwọn òǹtẹ̀wé kan sì fẹ́ràn ti àtijọ́.

Ti Malayalam ló le jù. Àwọn kọ́ńsónáǹtì kan níbẹ̀, tí wọ́n ń pè ní chillu, kì í ní fáwẹ̀lì. Ṣáájú 2008, àmì mẹ́ta ni wọ́n fi ń tẹ ọ̀kan: kọ́ńsónáǹtì, virama, àti àmì àìfojúrí kan tí ń jẹ́ ZWJ. Unicode 5.1 fún wọn ní kóòdù tiwọn lọ́dún náà, lẹ́yìn àríyànjiyàn gbígbóná tí ẹgbẹ́ Swathanthra Malayalam Computing wà lápá àwọn tó takò ó. Fọ́ǹtì tó dára ń gbé méjèèjì jáde bákan náà, ojú kò lè yà wọ́n. Unicode kò sì kéde pé méjèèjì jẹ́ ọ̀kan, nítorí náà sọ́fítíwíà tó bá fẹ́ wá ọ̀rọ̀ tàbí yẹ sípẹ́lì wò ní láti dá ìpinnu tirẹ̀ ṣe, ìpinnu wọn kò sì tíì bá ara wọn mu.